Kọ́ḿbò tí mo yàn fún jáàsì ní Ìkòròdú: Roland Cube Street EX

Ẹ sọ fún ọlọ́jà ní Àlàbà pé ẹ fẹ́ ra kọ́ḿbò gìtá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè tí sípíkà wà nínú rẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé wáàtì mélòó lẹ fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ìbéèrè yẹn darí yín. Fún àwa tí à ń ta jáàsì nínú yàrá, nínú gbọ̀ngàn kékeré àti níbi ìkómọjáde, wáàtì kọ́ ni wàhálà wa. Iná ni wàhálà wa, ẹrù gbígbé ni, bí ohùn ṣe máa mọ́ nígbà tí kọ́ọ̀dù (ohùn púpọ̀ tí a ta lẹ́ẹ̀kan) bá kún ni.

Èyí ló mú mi yan Roland Cube Street EX. Ìkòròdú ni mo ti ń lò ó: nílé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní lounge kan lójú ọ̀nà Ṣágámù, àti lóde àríyá láti Ìgbógbó títí dé Ìjẹ̀dẹ̀. Gìtá mi ni Ibanez Artcore tí inú rẹ̀ ṣófo, okùn flatwound (èyí tí ara rẹ̀ tẹ́jú) sì ni mo so sí i. Ohùn irú gìtá bẹ́ẹ̀ ni mò ń ròyìn níbí. Bó bá jẹ́ Stratocaster, gìtá tí inú rẹ̀ kò ṣófo, ni tiyín, ẹ máa ní láti dín treble (ohùn òkè) kù ju bí mo ṣe máa wí lọ.

Kí n kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ wáàtì. Bí wáàtì bá di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ̀lì (òṣùwọ̀n agbára ohùn) mẹ́ta péré ló fi lé e, díẹ̀ báyìí ni etí á gbọ́ nínú rẹ̀. Kí etí tó gbà pé ohùn ti lé sí ìlọ́po méjì, wáàtì ní láti tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ohun tí wáàtì púpọ̀ ń ṣe fún onígìtá jáàsì ni pé ó ń fún ohùn láyè, kó má bàa fọ́ nígbà tí a bá fi agbára ta okùn. Àwọn olórin rọ́ọ̀kì fẹ́ kó fọ́. Àwa ò fẹ́. Kọ́ḿbò onítíúbù (èyí tó ń fi ìgò oníná, kì í ṣe tíránsísítọ̀, gbé ohùn sókè) wáàtì 15 bíi Fender Blues Junior dùn gan-an nínú yàrá, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn, sípíkà íǹṣì 12 rẹ̀ sì ń fún ohùn isalẹ̀ ní ara. Ṣùgbọ́n kí onílù tó gbóná tán, ohùn rẹ̀ ti ń há.

Ọ̀rọ̀ iná ló wúwo jù ní àdúgbò wa. Kọ́ḿbò tòkunbọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà wá, fóltì 120 ni wọ́n ṣe é fún. Iná tiwa jẹ́ 230 tàbí 240. Bí ẹ bá tì í bọ iná ògiri láìsí tíránsífọ́mà, bí orí bá bá yín ṣe é, fíúsì nìkan ló máa lọ. Ẹ yí ẹ̀yìn kọ́ḿbò wò kí ẹ tó sanwó, ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́. Tíránsífọ́mà tó lè gbé e dáadáa tún jẹ́ ẹrù lọ́tọ̀, ẹ ó sì máa gbé òun náà lọ sóde. Lẹ́yìn ìyẹn ni jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀, tí fóltì rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹnìkan bá ti tan fíríìjì. Tíúbù kò fẹ́ irú rẹ̀ rárá: bí fóltì bá ti lọ sílẹ̀, ohùn á rọ̀, bó bá ga jù, tíúbù á tètè gbó. Tíúbù EL84, irú èyí tó wà nínú Blues Junior, kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn lè rí rà ní Sábọ̀ ní alẹ́ Sátidé.

Àwọn kan ṣì gbà pé kọ́ḿbò tí kò ní tíúbù kì í ṣe ti àgbà. Nínú jáàsì, ọ̀rọ̀ yẹn kò dúró. Joe Pass, onígìtá jáàsì ará Amẹ́ríkà, lo Polytone, kọ́ḿbò oní-tíránsísítọ̀ ni, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta gìtá jáàsì ní Amẹ́ríkà sì lò ó pẹ̀lú rẹ̀. Roland fúnra wọn ti gbé Jazz Chorus JC-120 jáde láti 1975: wáàtì 120, sípíkà íǹṣì 12 méjì, kò sí tíúbù kankan nínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì mọ́ débi pé títí di òní òun ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́tótó ohùn kọ́ḿbò tó kù. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé JC-120 sókè àtẹ̀gùn?

Ọmọ rẹ̀ kékeré, JC-22, ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rà. Wáàtì 30 ni, ó ní sípíkà íǹṣì mẹ́fà àbọ̀ méjì, ó wúwo tó nǹkan bíi kílò 12. Bí ilé yín bá ní ínfátà tàbí sólà tó dájú, tí ẹ kì í sì í jáde púpọ̀, ẹ gbé e yẹ̀ wò kí ẹ tó wo tèmi, torí chorus rẹ̀ (ohun tó ń mú kí ohùn gìtá kan dà bí ti méjì) dùn ju ti Cube lọ, ohùn rẹ̀ sì wà létòlétò nígbà tí ẹ bá ń ta á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ohun tí kò ní ni bátìrì, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti parí fún mi.

Cube Street EX ń lo bátìrì AA mẹ́jọ. Ó ní ipò mẹ́ta fún agbára: Max tó dé wáàtì 50, Normal, àti Eco. Bátìrì lè gbé e tó wákàtí 20 ní Eco gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ṣe é ṣe wí. Ní Max kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Nílé àti ní ìpàdé àdúrà, Eco tó mi. Lóde, Normal ni mo máa ń wà, mo sì ń fi Max pa mọ́ fún ìgbà tí àwọn àlejò bá jẹun yó tí ẹnu wọn là. Ọ̀rọ̀ bátìrì fúnra rẹ̀ ṣe pàtàkì: ẹ má ra èyí tí wọ́n ń tà olówó pọ́ọ́kú fún tọ́ọ̀ṣì. Irú ìyẹn kò lè fúnni ní agbára púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹ bá ti ta kọ́ọ̀dù ńlá, ohùn á dákú díẹ̀ kó tó padà. Èyí tó ṣe é gba iná, NiMH, ni kí ẹ ra, kí ẹ ra ọ̀wọ́ méjì, kí ọ̀kan máa gba iná nígbà tí èkejì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ wo iye tí àwọn onílé ayẹyẹ ń gbà lórí epo jẹnẹrétọ̀.

Ó wúwo tó kílò méje ààbọ̀, bátìrì á sì fi díẹ̀ kún un. Mo lè fi ọwọ́ kan gbé e, kí n fi gìtá kọ́ ẹ̀yìn, kí n wọ bọ́ọ̀sì BRT láti Ìkòròdú, kò sì sẹ́ni tó máa bínú sí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ti gbé kọ́ḿbò wọ ọ̀kadà rí mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọrin tí ẹ tún ń ta gìtá, mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ọ̀pọ̀ ibi ayẹyẹ wa ni kò ní wáyà ilẹ̀ tó dára. Bí kọ́ḿbò bá wà lára jẹnẹrétọ̀ kan, tí ẹ̀rọ tí maíkì wà lára rẹ̀ sì wà lára iná mìíràn, fóltì lè wà láàárín okùn gìtá àti irin ẹnu maíkì. Ọwọ́ yín wà lára okùn, ètè yín kan maíkì, iná á gba ara yín kọjá. Les Harvey, onígìtá ará Scotland, kú báyìí lórí pèpéle ní Swansea ní 1972. Lórí Cube, maíkì àti gìtá jọ wọ inú kọ́ḿbò kan ṣoṣo, bátìrì ló sì ń gbé e, kò sí iná ògiri níbì kankan láàárín wọn. Ìdí yìí nìkan ti tó fún mi láti rà á. Àmọ́ bí ẹ bá fa wáyà láti inú rẹ̀ lọ sínú míksà, ẹ ti padà sínú iná wọn nìyẹn. Ní irú ibẹ̀ mo máa ń lo DI (àpótí kékeré tó ń wà láàárín kọ́ḿbò àti míksà) tó ní tíránsífọ́mà nínú, mo sì máa ń gé wáyà ilẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́.

Ní ti ohùn, Clean, ìyẹn ohùn tó mọ́, ni mo ń lò. Crunch àti Lead tó ń fọ́ ohùn wà níbẹ̀, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi wọ́n ṣe. Pickup (mágnẹ́ẹ̀tì tó ń gba ohùn okùn) tó súnmọ́ ọrùn gìtá ni mo máa ń yàn, tone gìtá wà ní ìdajì, treble kọ́ḿbò wà ní ìsàlẹ̀ ìdajì, middle (ohùn àárín) lọ sókè díẹ̀. Bass ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé sókè torí pé sípíkà íǹṣì mẹ́jọ ni, wọ́n fẹ́ kó ró bí ti íǹṣì 12. Kò ní ró bẹ́ẹ̀. Ohùn á kàn dí, kọ́ọ̀dù tí à ń pè ní 9 àti 13 á dà pọ̀ mọ́ra, wọn ò ní gbọ́ ohùn tó wà láàárín. Ohùn gìtá jáàsì inú middle ló ń gbé. Ẹ fi bass sílẹ̀ fún ẹni tó ń ta bass. Chorus, mo pa á. Lórí kọ́ọ̀dù tó ti kún tẹ́lẹ̀, ó dà bí ẹni tó bu omi sínú ọbẹ̀ tó ti jinná. Reverb (ohùn tó ń dún padà bíi nínú gbọ̀ngàn) díẹ̀ dára nínú yàrá tó ní kọ́tìnnì àti àga onítìmùtìmù, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn wa tí wọ́n fi táìsì tẹ́ láti ilẹ̀ dé ògiri ti ní reverb tirẹ̀, ẹ pa ti kọ́ḿbò pátápátá.

Gìtá tí inú rẹ̀ ṣófo máa ń hu bí ohùn kọ́ḿbò bá ń wọ inú rẹ̀ padà. Ẹ má gbé kọ́ḿbò sẹ́yìn ara yín gẹ́lẹ́. Mo máa ń gbé tèmi sórí àga, sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó dojú kọ àwọn àlejò kí n má sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Gbígbé e kúrò nílẹ̀ tún ń gé bass tí ilẹ̀ ń fi kún un.

Fún ìdánrawò, mo máa ń fi wáyà so fóònù mọ́ ọn, mo gbé orin tí kò ní gìtá sí i, baàsì àti ìlù nìkan, mo sì ń fi ii-V-I (ìtòtẹ̀lé kọ́ọ̀dù mẹ́ta tó wọ́pọ̀ nínú jáàsì) rìn yí ká gbogbo kíì. Tuner (tí a fi ń yẹ ohùn okùn wò) wà nínú rẹ̀, mi ò gbé ìyẹn náà kiri mọ́.

Ní lounge tí mo sọ yẹn, àwọn àgbà máa ń béèrè highlife láàárín àwọn orin jáàsì, kò sì yà mí lẹ́nu. Ọmọ Ìkòròdú ni Bobby Benson, wọ́n bí i ní 1922. Jam Session Orchestra tó dá sílẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1940 ń ta swing (jáàsì oníjó) àti calypso, òun náà sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú gìtá oníná wọ inú ẹgbẹ́ orin nílẹ̀ wa. Etí ìlú yìí ti mọ swing kí wọ́n tó bí mi. Ohun tí highlife ń fẹ́ lọ́wọ́ kọ́ḿbò kò jìnnà sí ti jáàsì: kí okùn kọ̀ọ̀kan dá dúró, kó má fọ́. Mo kàn máa ń yí padà sí pickup ìsàlẹ̀, mo ṣí tone, mo sì fi treble díẹ̀ kún un. Níbí yìí gan-an ni Cube tayọ, torí sípíkà rẹ̀ kékeré ń gé ohùn okùn tín-ín-rín jáde ketekete.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ ni ìlù. Pẹ̀lú olórin kan, tàbí fèrè sakisofóònù, tàbí onílù tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì lù, ó tó. Pẹ̀lú gángan méjì, àkúbà àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú tẹ́ǹtì ìta, kò tó. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ta jùjú lálẹ́ Jímọ́ọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ wá sípíkà íǹṣì 12 àti ẹni tó máa bá yín gbé e.

Iye rẹ̀ ń bá dọ́là rìn, mi ò ní kọ iye tí mo rà á, torí kò ní wúlò fún yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ra, ẹ gbé gìtá tiyín lọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù dán an wò fún yín. Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára iná, kí wọ́n fi bátìrì sí i. Ẹ ṣí àyè bátìrì wò, bí ìpẹtà funfun bá wà lára irin rẹ̀, bátìrì ti jò síbẹ̀ rí, ẹ béèrè òmíràn. Kí ẹ wá ta kọ́ọ̀dù tó kún jù nínú orin yín, kíkankíkan, ní Max, kí ẹ tún ta á ní Eco. Bí ohùn tí ẹ gbọ́ ní Eco bá tó yín nínú ṣọ́ọ̀bù aláriwo yẹn, ó máa tó nílé yín.