Mo ti lo BetBlocker fún oṣù mẹ́jọ, ẹ gbọ́ bó ṣe rí

Kí ẹ má bàa rò pé wọ́n fún mi lówó, ọ̀fẹ́ ni áàpù yìí o, ẹgbẹ́ aláàánú kan ní Brítéènì ló ni ín, wọn ò gba kọ́bọ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó ti àwọn sáìtì tẹ́tẹ́ pa lórí fóònù ẹ. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, màá sọ ibi tí ọ̀kan tó kù lọ.

Kọ́yà ni mí, tẹ́nọ̀ ni mò ń kọ, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe kékeré. Ọjọ́ Sọ́ńdè kan wà tí pásítọ̀ ń wàásù lọ́wọ́ tí mo fi ìwé orin bo fóònù, bọ́ọ̀lù Kòríà ni mò ń wò, mi ò mọ ẹyọ ẹnì kan nínú wọn o, góòlù kan péré ni tíkẹ́ẹ̀tì mi ń wá, ìgbà tí wọ́n wá gbá a wọlé mo pariwo "Halelúyà!", gbogbo ìjọ bá gbè é lẹ́yìn mi. Títí dòní ojú ṣì ń tì mí.

Ṣé mi ò gbàdúrà ni? Mo gbà á. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ta òróró sí mi lórí, alẹ́ ọjọ́ tí mo ṣínu yẹn gan-an ni mo fi owó ilé ìwé ọmọ ta bọ́ọ̀lù, ẹgbàá mẹ́sàn-án náírà, ó sì já. Màmá kan nínú àwọn ìyá àdúrà wa ló là mí lójú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ò ń bẹ Ọlọ́run kó bá ẹ lé ajá, ìwọ náà lo sì di eegun mọ́wọ́." Wọ́n ní kí n lọ wo Jósẹ́fù dáadáa, pé kò dúró gbàdúrà níwájú ìyàwó Pọ́tífárì, ṣe ló já ẹ̀wù ẹ̀ sílẹ̀ tó sá. Àti pé ní Gẹtisémánì, Jésù ní kí wọ́n máa ṣọ́nà kó tó ní kí wọ́n máa gbàdúrà, Pétérù wá sùn.

Ọjọ́ yẹn ni mo wa áàpù náà sílẹ̀ láti Play Store. Kò le rárá. O máa mú iye àkókò tó o fẹ́ kó fi tì wọ́n pa, láti wákàtí 24 títí dé ọdún 5, ó máa ní kí o gbà fún VPN, ìyẹn ohun tó fi ń ṣọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù ẹ, o gbà, ó parí. Tó o bá ti mú un, kò sí pé o tún yí ọkàn padà lọ́la, àfi kí ọjọ́ ẹ̀ pé. Mo kọ́kọ́ fi wákàtí 24 dán an wò, ìgbà tó yá mo mú ọdún kan.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti wúlò fún mi. Alẹ́ Túsìdeè kan tí wọ́n ń gbá Champions League, ọwọ́ mi ti dé sáìtì tẹ́tẹ́ kí ọkàn mi tó mọ̀, mo tẹ̀ ẹ́, ó ń yí, ó ń yí, kò ṣí. Níbi tó ti ń yí yẹn ni mo ti ní, "Olúwa, mi ò lè dá a ṣe o." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò fèdè fọ̀, mo dìde, mo lọ bá ìyàwó mi ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnì. Ìṣẹ́jú kan yẹn ni áàpù yìí ń fún mi. Tí kì í bá ṣe pé mo ní ẹni tí mo lè ké pè nínú ìṣẹ́jú náà, fóònù àbúrò mi ni ǹ bá yá, mo mọ ara mi.

Àwọn bùrọ́dá kan ní fẹ́lóṣíìpù ní àìnígbàgbọ́ ni kéèyàn máa lo áàpù. Ó dáa. Gbogbo wọn ló ń ti gééti lálẹ́.

Ìràwọ̀ kan tó kù ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ tó wà ní jọ́ńkíṣọ̀n wa ni. Áàpù ò lè ti ìyẹn, owó ọwọ́ ni wọ́n ń gbà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo wọbẹ̀ pẹ̀lú 500 náírà, ọmọbìnrin tó ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó tọ́jọ́ mẹ́ta!", mo ta á, ó já. Ní báyìí ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni mò ń gbà relé, ó jìnnà díẹ̀, káàdì ATM mi sì wà lọ́wọ́ ìyàwó mi.

Tó o bá ní fóònù méjì, fi sórí méjèèjì, má fi ọ̀kan pamọ́ fún Ọlọ́run.

Tèmi ku oṣù mẹ́rin kí ọdún kan pé. Ìyàwó mi ti ń ka ọjọ́, ó ní òun fúnra òun lòun máa tẹ ọdún márùn-ún.