Àga Ìgbọ̀nsẹ̀ Tí A Rà fún Bàbá Wálé Lẹ́yìn Rọpárọsẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtigbé èèyàn yín kúrò ní ọsíbítù lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀, bí owó ọwọ́ yín kò bá ju kí ẹ ra ohun kan ṣoṣo lọ, àga ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ rà. Bẹ́ẹ̀dì onírin tí orí rẹ̀ ń gbéra lè dúró. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti aláìsàn kiri náà lè dúró. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ kò ní dúró de owó oṣù ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni àìsàn náà mú lára ọkọ mi, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Gbogbo ohun tí a bá sọ ló ń yé wọn, èsì ni kì í jáde. Ọkọ̀ àjàgbé ni wọ́n ń wà kí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ṣe wọ́n báyìí. Wọ́n ga, wọ́n sì tóbi, n kò sì ga dé èjìká wọn. Ní ọsíbítù, nọ́ọ̀sì méjì ló máa ń gbé wọn. Nílé wa ní Ìbàdàn, èmi nìkan ni lọ́sàn-án, torí Wálé ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa wà, àtẹ̀gùn mẹ́ta la ó sì sọ̀ kí a tó débẹ̀.

Irin ni ara àga tí a rà, ìjókòó rẹ̀ sì ní tìmùtìmù tí wọ́n fi rọ́bà dúdú bò. Bí ẹ bá gbé tìmùtìmù yẹn kúrò, ihò ni ẹ máa rí, póò oníke wà lábẹ́ rẹ̀ tí à ń fà jáde láti ẹ̀yìn. Ó ní táyà kéékèèké mẹ́rin, méjì ẹ̀yìn sì ní bíréèkì tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n mú èyí láàárín àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ni pé apá àga náà ṣeé sọ̀ wálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra èyí tí apá rẹ̀ dúró gan-an-gan.

Ìdí rẹ̀ rèé. Onífísíò, ìyẹn oníṣẹ́ ìlera tó ń kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe tún máa lo ara rẹ̀, tó ń wá sílé wa kọ́ mi pé ẹ̀gbẹ́ tó lágbára ni kí n máa gbé àga sí. Òsì ló lágbára lára Bàbá Wálé, nítorí náà ọwọ́ òsì wọn ni àga ń wà. Màá tẹ bíréèkì méjèèjì, màá sọ apá àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wálẹ̀, wọ́n á jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì kí ẹsẹ̀ wọn tẹlẹ̀ dáadáa. Ọ̀já ìpọnmọ ni mo ń so mọ́ wọn níbàdí, òun ni mo ń dì mú. Màá fi orúnkún mi ti orúnkún ọ̀tún wọn kó má baà yẹ̀. Wọ́n á na ọwọ́ òsì di apá àga kejì mú, màá ní, "Ó yá, Bàbá Wálé," wọ́n á tẹ̀ síwájú, wọ́n á gbéra díẹ̀, wọ́n á sì yí ìdí sórí àga. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fà á, a kò sì gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ abíyá wọn láti fi gbé wọn, torí iṣan tó ń di èjìká mú ti dẹ̀, egungun lè yẹ̀ kúrò ní ojúhò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn kan wá kí wa, wọ́n fẹ́ fà á. Igbe ni mo fi dá wọn dúró.

Mo fẹ́ sọ ti ìtìjú, torí àwọn tó ń ta àga kì í sọ ọ́. Pámpásì àgbàlagbà ni wọ́n wọ̀ délé láti ọsíbítù. Nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ọkọ mi á kọjú sí ògiri, wọ́n á di ojú méjèèjì pa títí màá fi ṣe tán. Ní báyìí, bí wọ́n bá ti jókòó sórí àga, màá fi ìró bo itan wọn, màá fa kọ́tìnnì, màá sì jáde. Bí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á fi òrùka ọwọ́ òsì kan irin àga, kò, kò. Mo ń gbọ́ ọ láti ibi ìdáná. Òru nìkan la ṣì ń lo pámpásì.

Ó ní àléébù o. Póò náà kéré, ìdérí rẹ̀ kò sì bò ó dáadáa. Omi díẹ̀ àti Izal ni mo máa ń dà sínú rẹ̀ kí wọ́n tó jókòó. A tún ń wẹ̀ wọ́n lórí àga yìí, irin rẹ̀ sì ti ń dógùn-ún ní oríkèé. Ṣúkúrù rẹ̀ ń tú, Wálé ló ń fi sípánà dì í. Èyí tó burú jù ni pé kò ní ibi tí wọ́n lè gbé ẹsẹ̀ lé. Ẹ má fi ti aláìsàn kiri ilé, torí ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan lára mọ́ lè wọ́ sábẹ́ táyà láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀.

A ra mátírẹ́ẹ̀sì oníafẹ́fẹ́ pẹ̀lú, kí egbò má baà dá sí wọn nídìí. Ó dára, ṣùgbọ́n iná ló ń lò. Bí NEPA bá mú iná lọ, ó di mátírẹ́ẹ̀sì lásán. Yálà ẹ ní i tàbí ẹ kò ní i, ẹ máa yí ẹni tó dùbúlẹ̀ padà ní wákàtí méjì-méjì. Ọ̀pá ìtilẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń rìn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, ọwọ́ tó lágbára ni wọ́n sì fi ń dì í mú.

Owó onífísíò ni ẹ kò gbọdọ̀ yọ kúrò, ó kéré tán títí wọn á fi kọ́ gbogbo ilé bí a ṣe ń gbé aláìsàn dìde. Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ yìí, ẹ máa rí wọn bí ẹ bá wá wọn.

Kí ẹ tó lọ rajà, ẹ wọn ẹsẹ̀ aláìsàn yín láti gìgísẹ̀ dé kọ̀rọ̀ orúnkún, torí gíga irú àga tiwa kò ṣeé yí padà, ẹsẹ̀ ẹni kúkurú kò ní tẹlẹ̀. Ẹ béèrè ìwọ̀n èèyàn tí àga náà lè gbé. Kí ẹ sì jókòó sórí rẹ̀ fúnra yín ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹnì kan tì yín. Bó bá ń yọ̀ lọ, ẹ má sanwó.