Ògiri tó ń di ilẹ̀ mú lẹ́yìn ilé mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn: òjò ọdún méjì ti rọ̀ lé e lórí

Òru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án ni ògiri àkọ́kọ́ wó. Bulọ́ọ̀kù 9 íńṣì ni, a sì fi irin sí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni a kò rò. Erùpẹ̀ pupa tí a gbẹ́ nílẹ̀ ibẹ̀ la dà padà síbẹ̀. Amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, bó bá ti mu omi tán kì í tú u sílẹ̀ bọ̀rọ̀. A kò dá ihò kan ṣoṣo sára ògiri náà. Mo kéré nígbà tí odò Ògùnpa ya lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, mo sì mọ ohun tí omi lè ṣe nísàlẹ̀. N kò mọ̀ pé ó lè bá wa lórí òkè.

Ẹnjiníà tí mo pè kò tilẹ̀ dárúkọ bulọ́ọ̀kù. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá, ibo lomi ń gbà jáde níbí?" Ó bá mi ṣírò rẹ̀: bí omi bá kún ẹ̀yìn ògiri tó ga ní mítà 3 dé òkè, agbára tí yóò fi ti mítà kọ̀ọ̀kan nínú gígùn rẹ̀ tó ìwúwo tọ́ọ̀nù 4 àbọ̀, láìtíì ka ti erùpẹ̀ mọ́ ọn.

Ògiri tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń gbé ró ni wọ́n ṣe fún mi. Henri Vidal, ará Faransé, ló gbé irú iṣẹ́ yìí jáde ní àwọn ọdún 1960. Irin pẹlẹbẹ ló lò, àwọ̀n oníke ni tèmi. Wọ́n ń tẹ́ àwọ̀n, wọ́n ń da yanrìn lé e, wọ́n ń kì í mọ́lẹ̀, ní ìpele ìpele. Àwọ̀n kọ̀ọ̀kan wọ inú ilẹ̀ ní mítà 2.1.

Lórí yanrìn yẹn ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá bíríkìlà ní kí ló dé tí a ó fi kó erùpẹ̀ ọ̀fẹ́ dànù, tí a ó máa ra yanrìn odò? Ẹnjiníà bu erùpẹ̀ pupa tó tutù, ó fún un pọ̀ lọ́wọ́, ó dì bí òkèlè. Ó fún yanrìn, yanrìn tú ká. Bàbá ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Wọ́n to òkúta gíráníìtì wẹ́wẹ́ sẹ́yìn bulọ́ọ̀kù tó wà lójú ògiri, ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 30. Wọ́n fi aṣọ asẹ́ sáàárín òun àti yanrìn kí ẹrẹ̀ má baà dí i. Paipu onííhò wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó dà gẹ̀rẹ́ síbi kan. Wọ́n la gọ́tà sókè ògiri láti gba àgbàrá kó tó rì wọlẹ̀. Ohun tí ojú ò ní rí mọ́ ló gba owó jù, mo sì tún máa san án bí wọ́n bá ní kí n san án lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ibi tó dùn mí ni ẹnu paipu. Wọ́n gbé e sí ìsàlẹ̀ etí gọ́tà àdúgbò. Ní oṣù keje, ọ̀rá piọ̀ wọ́tà dí gọ́tà náà, omi sì padà sínú paipu. Mo rí i tí ẹsẹ̀ ògiri ń rin. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń pè wọ́n kí wọ́n tó wá, ọ̀sẹ̀ méjì tí n kò fojú ba oorun bí òjò bá ti ṣú. Wọ́n fa paipu náà sọ̀kalẹ̀ ní mítà 6 sí i, wọ́n sì fi àwọ̀n dí ẹnu rẹ̀ nítorí eku. Ṣùgbọ́n wọn kò ṣe ẹnu sókè paipu níbi tí a lè gbà fọ inú rẹ̀. Ẹ rí i pé wọ́n ṣe tiyín kí wọ́n tó bo ilẹ̀, torí lẹ́yìn ìyẹn, gbígbẹ́ ni.

Nínú òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo gbé tọ́ọ̀ṣì àti agbòjò jáde. Omi ń dà lẹ́nu paipu, ó mọ́, kò ní ẹrẹ̀. Mo fi okùn tí a so irin mọ́ wọn ògiri láàárọ̀, kò yẹ̀ kúrò níbi tó wà lọ́dún tó kọjá.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìkan tó kù, ti ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni.