Ìwé Àlòkù Kan Lórí Red Grange

Owó tí mo san lórí ìwé àlòkù yìí, tí ó sọ ìtàn Red Grange, ìlú-mọ̀ọ́ká nínú bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà (American football, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré) ní Yunifásítì Illinois, kò dùn mí rárá. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 1924 ni orí tí ó dùn jù lọ nínú rẹ̀ dá lé: ẹgbẹ́ Yunifásítì Michigan gbá bọ́ọ̀lù sí Grange, ó gbé e sáré 95 yáàdì láìsí ẹni tí ó lè dá a dúró, kí ìṣẹ́jú 12 sì tó pé, ó ti gbé e wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin. Illinois borí pẹ̀lú àmì 39 sí 14. Mo gbádùn ibi tí òǹkọ̀wé ti ṣàpèjúwe bí Grange ṣe ń gbé yìnyín kiri ilé àwọn oníbàárà ní ìlú Wheaton. Àmọ́ ìgbà tí ó wà pẹ̀lú Chicago Bears, ẹgbẹ́ àwọn tí ń gba owó iṣẹ́ nídìí bọ́ọ̀lù náà, láti 1925, àti bí orúnkún rẹ̀ ṣe bàjẹ́ ní 1927, ojú ìwé díẹ̀ péré ni ó gbà, ìyẹn kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tí ó tà á ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí tuntun. Ewé mẹ́ta ti já nínú rẹ̀.