Mùsíọ́mù Kildare Street ní Dublin: ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn Írẹ́lándì

Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán kan péré lẹ ní ní Dublin, tí ẹ sì fẹ́ mọ ibi tí àwọn ọmọ Írẹ́lándì ti ń bọ̀, Kildare Street ni kí ẹ kọrí sí. Mùsíọ́mù ìjọba tí wọ́n kó àwọn ohun tí wọ́n wú nínú ilẹ̀ sí wà níbẹ̀, ó fara ti ilé aṣòfin, wọn kì í sì í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn ni mo ṣe kí n tó wá sí ìlú yìí. Ní báyìí, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú lóru, mùsíọ́mù yìí sì ni mo máa ń yà sí lọ́sàn-án tí mo bá ti sùn tí ara mi ti balẹ̀. Mo ti mú ọmọ lọ, mo ti mú àlejò lọ, mo sì ti dá lọ. Gbogbo ẹni tó bá mi lọ ló ń bi mí ní ìbéèrè títí a fi délé.

Ilé náà fúnra rẹ̀ lẹ́wà, àmọ́ ẹ má pẹ́ níbẹ̀ jù. Ọdún 1890 ni wọ́n ṣí i. Òkúta wẹ́wẹ́ aláràbarà ni wọ́n fi ṣe ọnà sí ilẹ̀ rẹ̀, títí kan àwọn àmì ìràwọ̀ méjèèjìlá, ọmọ mi obìnrin a sì máa wá àmì tirẹ̀ kiri kó tó gbójú sókè. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé wá tiwọn, kí ẹ sì máa lọ síbi wúrà.

Àárín gbọ̀ngàn ni wúrà náà wà. Láàárín nǹkan bí ọdún 2200 sí 500 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n rọ ọ́, ó sì pọ̀ débi pé ojú kì í mọ èyí tí yóò wò. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má gbìyànjú láti wo gbogbo rẹ̀. Ẹ wá àwọn ohun ọ̀ṣọ́ ọrùn tó rí bí oṣù tuntun, tí wọ́n lù títí tó fi fẹ́lẹ́, tí wọ́n sì fín ọnà sí létí. Lẹ́yìn náà kí ẹ dúró síwájú ẹ̀gbà ọrùn Gleninsheen. Inú pàlàpálá òkúta ní Burren, lágbègbè Clare, ni wọ́n ti rí i ní 1932. Ó ti lé ní 2,500 ọdún tí alágbẹ̀dẹ kan ti ṣe é. Ó lu ìlà gbọọrọ gbọọrọ yọ sára wúrà náà, ìlà kan kò wọ́ ju èkejì lọ, ó wá so àwo róbótó mọ́ ọn lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹni tó lè ṣe irú èyí ní ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ní ọba tàbí ìjòyè tó ń bọ́ ọ. Ó tún ní àwọn tó ń wo iṣẹ́ náà, tí wọ́n mọ ojúlówó yàtọ̀ sí gbàrọgùdù. Àwọn ènìyàn yẹn kò kọ ìwé sílẹ̀ rárá. Nínú ẹ̀gbà yẹn ni a ti mọ irú ìlú tí wọ́n ní.

Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tún wà tí wọ́n fi wúrà ṣe, tó ní àjẹ̀, ìjókòó àwọn atukọ̀ àti òpó ìgbòkun. Ó gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 18. Àwọn tó ń fi ẹṣin túlẹ̀ ní Broighter, lágbègbè Derry, ló kàn án ní 1896, pẹ̀lú ẹ̀gbà ọrùn àti àwọn nǹkan wúrà mìíràn. Ó ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí British Museum fi rà á. Àwọn ará Dublin kò gbà. Ẹjọ́ dé London, wọ́n sì dá a ní 1903 pé Ọba ló ni ohun tí wọ́n bá wú láti inú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀; Ọba Edward Keje wá fi í lé Írẹ́lándì lọ́wọ́. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun ìní àwọn baba wa tó ṣì wà nínú àpótí gíláàsì ní London, ẹ fara balẹ̀ níwájú ọkọ̀ yìí. Nǹkan lè padà wálé.

Ohun tó gbé mùsíọ́mù yìí ga ju gbogbo èyí tí mo ti wọ̀ lọ ni àwọn ohun tí wọ́n rí nínú àbàtà. Ilẹ̀ àbàtà pọ̀ ní àárín Írẹ́lándì. Koríko ló ń kú léra wọn lórí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún nínú omi tútù tó kan, tí afẹ́fẹ́ kì í dé, tó fi di ilẹ̀ dúdú rírọ̀. Bàbá kan níbi iṣẹ́ mi máa ń sọ bí òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n òun ṣe ń gé ilẹ̀ yẹn ní bíríkì bíríkì nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, tí wọ́n á sá a títí yóò fi gbẹ, tí wọ́n á fi dáná lásìkò òtútù. Òun ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ilẹ̀ náà kì í jẹ́ kí nǹkan jẹrà, pé àwọn ará àtijọ́ a máa ri bọ́tà mọ́ ọn. Bọ́tà náà wà ní mùsíọ́mù, nínú ohun èlò onígi tí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi Lurgan náà wà níbẹ̀: odindi igi óákù kan ni wọ́n gbẹ́, ó gùn ju mítà 15 lọ, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó 4,500 ọdún. Abẹ́ àbàtà ní Galway ni wọ́n ti rí i ní 1901.

Àwọn ènìyàn sì wà. Wọ́n fi ògiri yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká, ẹni tó bá fẹ́ rí wọn ni yóò yí wọlé, ẹni tí kò bá fẹ́ rí òkú yóò kọjá láìrí nǹkan kan. Mo fẹ́ràn ọ̀wọ̀ yẹn púpọ̀, fún òkú àti fún alààyè. Ọkùnrin Oldcroghan, tí wọ́n rí ní Offaly ní 2003, kò lórí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ láti ìdodo sísàlẹ̀ kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ méjèèjì pé, èékánná rẹ̀ gún régé bíi ti ẹni tí kò ṣiṣẹ́ oko rí, ẹ̀gbà awọ sì wà ní apá rẹ̀. Wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ pé ó ga tó mítà 1.9. Ọkùnrin Clonycavan, tí wọ́n rí ní Meath lọ́dún kan náà, fi òróró àti oje igi gbé irun rẹ̀ dúró ṣánṣán, oje igi náà sì ti gúúsù Faransé tàbí àríwá Sípéènì wá. Ó ti lé ní 2,100 ọdún tí wọ́n ti pa àwọn méjèèjì. Wọ́n sì pa wọ́n ní ìpa ìkà: wọ́n gún wọn, wọ́n gé wọn, wọ́n sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ la apá Oldcroghan kọjá.

Èrò àwọn onímọ̀ mùsíọ́mù náà ni pé ọba ni wọ́n, tàbí ẹni tó ń du oyè ọba. Wọ́n ní ààlà ilẹ̀ ìjọba àtijọ́ ni wọ́n máa ń rì wọ́n mọ́, nítorí pé ọba ni ọkọ ilẹ̀, bí irè oko bá sì kùnà, bí màlúù kò bá mú wàrà wá, ọrùn ọba ló wà. Ẹni tó bá gbọ́ nípa Baṣọ̀run tó ń gbé igbá fún Aláàfin tí ayé kọ̀, kò ní nílò àlàyé púpọ̀. Mo dúró níbẹ̀ títí mo fi gbàgbé pé mo fẹ́ lọ raja.

Yàrá ìṣúra ẹ̀sìn ni gbogbo àwọn tó ń bójú wo ìlú máa ń sáré lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ife Ardagh wà níbẹ̀, fàdákà ọ̀rúndún kẹjọ tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa pòtétò kàn lábẹ́ ilẹ̀ ní Limerick ní 1868. Ẹ̀yà tí wọ́n tò pọ̀ di ife yẹn lé ní 350. Ẹ tẹ̀ ba, kí ẹ wo ara rẹ̀ lábẹ́ okùn wúrà tó yí i ká: orúkọ àwọn àpọ́sítélì wà níbẹ̀, wọ́n fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi pé ẹni tó ń kánjú kò ní í rí i. Agbélébùú Cong náà wà, tí Ọba Toirdelbach Ua Conchobair ní kí wọ́n ṣe ní 1123. Aago irin kan tún wà tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Patrick Mímọ́. Nígbà tí mo bá mú àwọn ọmọ dé ìdí aago yẹn, mo máa ń rán wọn létí pé ẹrú ni Patrick nígbà tó kọ́kọ́ dé Írẹ́lándì. Wọ́n jí i gbé láti ilẹ̀ Bìrìtéènì nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí ohun àwọn Viking, àwọn jagunjagun atukọ̀ láti àríwá Yúróòpù, wà, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹrú kò tíì tán. Àwọn Viking tẹ̀dó sí Dublin ní 841, wọ́n sì sọ ọ́ di ọjà ẹrú ńlá. Idà, òṣùwọ̀n àwọn oníṣòwò, bàtà awọ, ohun ìṣeré ọmọdé, púpọ̀ nínú wọn ló ti Wood Quay wá, létí odò ní Dublin, níbi tí wọ́n ti walẹ̀ láàárín 1974 sí 1981. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló wọ́ jáde ní 1978 láti ní kí wọ́n má kọ́ ilé sórí ibẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ náà. Ó dùn mí bí ẹni pé mo wà nínú ìwọ́de yẹn.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ṣáájú nìyí: ìtàn ibí parí ní nǹkan bí 1550. Cromwell, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dé ní 1649, kò sí níbẹ̀, àwọn òfin tó gba ilẹ̀ àti ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ àwọn Kátólíìkì kò sí níbẹ̀, Ìyàn Ńlá kò sì sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ lọ sílé yóò rò pé wúrà àti àdúrà nìkan ni ìtàn Írẹ́lándì. Nítorí náà, ẹ wọ bọ́ọ̀sì, kí ẹ lọ sí Kilmainham, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tó ti di mùsíọ́mù.

Kilmainham kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tí yóò mú yín kiri gbọ́dọ̀ wà níwájú yín, tíkẹ́ẹ̀tì sì máa ń tán kíákíá. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti rà á ṣáájú. Ọdún 1796 ni wọ́n ṣí ọgbà náà. Apá tó ti gbó jù, níbi tí òtútù ti ń wọ egungun, ni kí ẹ ti ronú nípa Ìyàn Ńlá. Láti 1845 ni àrùn ti kọlu pòtétò, tó jẹ́ oúnjẹ kan ṣoṣo tí tálákà ní, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ mìíràn ń bá ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí yóò fi di 1852, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ti kú, ó lé ní mílíọ̀nù kan tó ti fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n kún àkúnya nígbà yẹn. Àwọn tó jí oúnjẹ wà níbẹ̀, àwọn tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀ nítorí oúnjẹ ẹ̀wọ̀n náà wà níbẹ̀, àtọmọdé àtàgbà. Àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú kì í fẹ́ kí oúnjẹ ṣẹ́kù sínú àwo. Láti ọjọ́ tí mo ti dé Kilmainham ni n kì í ti í bá wọn jiyàn lórí rẹ̀.

Inú àgbàlá tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń fọ́ òkúta ni wọ́n ti yìnbọn pa mẹ́rìnlá nínú àwọn aṣíwájú tó dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde 1916, láàárín ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún. Joseph Plunkett, ọ̀kan nínú wọn, gbé Grace Gifford níyàwó nínú ilé ìsìn ọgbà náà, ilẹ̀ mọ́, wọ́n pa á. James Connolly ti fara gbọgbẹ́ débi pé kò lè dúró; orí àga ni wọ́n ti yìnbọn fún un. Agbélébùú méjì ló wà ní àgbàlá náà, ọ̀kan fún àwọn mẹ́tàlá, ọ̀kan fún Connolly nìkan ní apá kejì. Wọ́n kò sì parí rẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn àdéhùn tí wọ́n bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1921, àwọn ọmọ Írẹ́lándì kọjú ìjà síra wọn, ìjọba wọn fúnra wọn sì yìnbọn pa àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin nínú ọgbà kan náà ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá, 1922. Ní tèmi, ìdí tí ìrìn yìí fi níye lórí ni pé wọn kò fi èyí pamọ́.

Ọgbà náà ti fẹ́ẹ̀ wó tán nígbà tí àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀wẹ̀ tún un ṣe ní 1960. Éamon de Valera, tó jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n níbẹ̀ títí di 1924, ló padà wá ṣí i gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ ní 1966.

Bí ẹ ó bá ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan, ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì Kilmainham sí ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fi òwúrọ̀ wo Kildare Street. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ajé, aago kan ọ̀sán ni mùsíọ́mù ń ṣílẹ̀kùn, ọjọ́ mìíràn ló dára fún irú ètò yẹn. Ẹ jẹun dáadáa láàárín méjèèjì. Ẹ wọ aṣọ òtútù lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìjà tó ṣẹlẹ̀ ní àríwá Írẹ́lándì lẹ́yìn náà, títí dé àdéhùn àlàáfíà 1998, kò sí nínú ilé méjèèjì yìí. Àwọn ará Bogside ní Derry, níbi tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn pa àwọn tó ń wọ́de ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní, 1972, ní mùsíọ́mù tiwọn ládùúgbò yẹn. Ibẹ̀ ló kàn fún èmi àti ọmọ mi.