Ìwé idán: ká tẹ̀ ẹ́ sórí pépà àbí ká gbé e sórí Kindle?

Kindle, ìyẹn ìwé orí ẹ̀rọ tí Amazon ń tà, yá, kò sí owó ìtẹ̀wé, KDP, ẹ̀ka Amazon tó ń báni gbé ìwé síbẹ̀, á sì fún ẹ ní 70% owó ìwé náà tí iye tó o fẹ́ tà á bá wà láàárín dọ́là 2.99 sí 9.99, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ tàbí kò tó o, 35% ni. Àmọ́ lórí 70% yẹn, wọ́n ṣì máa ń yọ owó níbẹ̀ bí fáìlì bá ṣe tóbi tó, ìwé idán sì rèé, fọ́tò ọwọ́ ló kún inú ẹ̀, torí ta ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ lásán ṣàlàyé bí àtàǹpàkò ṣe ń ti káàdì òkè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ti abẹ́ ẹ̀ lè yọ jáde?

Èmi o, pépà ni mo fara mọ́. Ẹni tó ń kọ́ idán, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì ló wà lára káàdì, ìwé gbọ́dọ̀ là sílẹ̀ lórí tábìlì kó má padé, torí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n fi wáyà dè é. Tó o bá sì pidán tán tẹ́nu àwọn èèyàn ṣì ń là sílẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni kó o gbé ìwé síwájú wọn. Kindle ò lè ṣèyẹn. Ṣáà má tẹ ẹgbẹ̀rún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, 50 ti tó bẹ̀rẹ̀.