Dùbáì sí Tókyò: ká wọ bàálù tààrà ni, àbí ká yà lọ́nà?

Láti Dùbáì dé Tókyò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8,000 kìlómítà lójú sánmọ̀. Aago tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì ló sábà máa ń dààmú ẹni tó fẹ́ rà á. Ká ní bàálù gbéra ní aago 3 òru, tó sì balẹ̀ ní aago 6 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Lójú, wákàtí 15 ni. Ṣùgbọ́n aago Tókyò fi wákàtí 5 ṣáájú ti Dùbáì. Ẹ yọ 5 kúrò, ó ku 10. Ti àbọ̀, ẹ fi kún un ni: ẹ gbéra ní Tókyò ní aago 10 alẹ́, ẹ dé Dùbáì ní aago 4 ààbọ̀ ìdájí. Ó jọ wákàtí 6 ààbọ̀, àmọ́ 11 ààbọ̀ lẹ máa fi jókòó.

Afẹ́fẹ́ ló mú kí àbọ̀ gùn ju àlọ lọ. Lókè tí bàálù ń gbà, afẹ́fẹ́ líle kan ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, agbára rẹ̀ sì máa ń pọ̀ sí i lórí Japan nígbà òtútù. Bí ẹ bá ń lọ, ó ń tì yín lẹ́yìn. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ̀ ń kojú rẹ̀ ni. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lowó yín ká ìjókòó tó fẹ̀, àbọ̀ ni kí ẹ rà á fún.

Tààrà ló sábà máa ń wọ́n jù. Nínú àwọn ibi tí wọ́n ń yà sí, Hong Kong ni mo fara mọ́, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú ọ̀nà: gbogbo rẹ̀ kò tó 9,000 kìlómítà. Ti Bangkok tó bíi 9,500. Ti Singapore lé ní 11,000. Bí owó rẹ̀ kò bá fi púpọ̀ dín, mi ò rí ìdí tó fi yẹ kéèyàn lọ pẹ̀kọrọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí owó pọ́ọ́kú ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ máa ní láti gba ẹrù yín ní agbedeméjì, kí ẹ kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, kí ẹ tó tún tò láti wọ bàálù kejì. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà kó tó lè wọ Thailand, orílẹ̀-èdè tí Bangkok wà. Bí bàálù àkọ́kọ́ bá sì pẹ́, tí èkejì já yín sílẹ̀, àpò yín ló máa gbọ́ ọ.

Ẹ tún wo pápákọ̀ tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì, bóyá Haneda ni àbí Narita. Haneda wà nínú Tókyò gan-an. Ọkọ̀ ojú irin mónórélì ń gbé èèyàn dé ibùdókọ̀ Hamamatsucho nígboro Tókyò láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Narita jìnnà tó bíi 60 kìlómítà, nǹkan bíi wákàtí kan sì ni ọkọ̀ ojú irin fi ń dé ibùdókọ̀ Tókyò. Àmọ́ bí bàálù yín yóò bá balẹ̀ sí Haneda ní ọ̀gànjọ́, ẹ mú owó takisí dání, torí ọkọ̀ ojú irin máa ń ṣíwọ́ ní nǹkan bí aago 12 òru.